Ilé fídíò kan ní Ṣágámù tó bá wa ya ìtàn Anna Hinderer: ọwọ́ wọn dáa, àmọ́ ẹ má gbé ìtàn lé wọn lọ́wọ́

Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ló fẹ́ fíìmù kékeré fún àjọ̀dún wọn, ìtàn Anna Hinderer, ìyàwó míṣọ́nárì tó kúrò ní Norfolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá gbé Ìbàdàn láti 1853 títí di 1869. Èmi ni wọ́n ní kí n wá oníṣẹ́, mo bá gbé e fún ilé fídíò kan ní Ṣágámù níbí. Mi ò ní dárúkọ wọn o, torí ọ̀rọ̀ mi ò dùn tán.

Ká sọ tòótọ́, àwọn ọmọ yìí mọ kámẹ́rà. Ní Kúdẹ̀tì n'Ìbàdàn, níbi tí Anna àti ọkọ ẹ̀ David gbé, ará Jámánì ni ọkùnrin yẹn o, CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rán an wá, ṣe ni wọ́n dúró kí oòrùn rọlẹ̀ kí wọ́n tó ya ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà tí mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n orí mi wú. Ọmọ tó ń mójú tó ohùn ló wù mí jù. Tí wọ́n bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà kan lẹ́nu wò, á kọ́kọ́ pa fáànù, á yọ wáyà fìríìjì, á lọ bẹ ìyá tó ń lọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kó jọ̀ọ́ pa ẹ̀rọ díẹ̀, á wá fi máìkì kékeré há bàbá lọ́rùn aṣọ, á gba wáyà ẹ̀ lábẹ́ bùbá kó má baà máa ha aṣọ. Bàbá kan ní ṣé abẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ gún mi ni. Ohùn yẹn mọ́ ju ti tẹlifíṣọ̀n ìjọba lọ!

Ìtàn ni wọn ò mọ̀, wọn ò sì ka nǹkan kan. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, fọ́tò Mary Slessor ni wọ́n lẹ̀ mọ́ orúkọ Anna. Mary Slessor, ará Scotland tó dé Calabar ní 1876, Anna ti kú láti 1870! Mo pe ẹdítà, ó ní ẹ̀gbọ́n, ṣebí òyìnbó náà ni. Orúkọ àwọn èèyàn tún ń fò wọlé pẹ̀lú òdòdó bíi fídíò ìyàwó. Wọ́n ṣá tún un ṣe, wọn ò gbowó lé e.

Èyí tó ká mi lára ni ti Ogun Ìjàyè, tí Ìbàdàn àti Ìjàyè bá ara wọn jà. Ogun bẹ́ ní 1860, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà Èkó mọ́ Ìbàdàn, owó ò dé, ẹrù ò dé, Anna àti ọkọ ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ wá ń ta ẹrù ilé kí wọ́n tó jẹun, títí di 1865 tí àwọn tí gómìnà Èkó rán fi wá gbé Anna gba inú igbó lọ s'Ékòó, kó tó tún padà wá s'Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Tá a bá yọ ìyẹn, kí ló kù? Ọ̀gá wọn yọ gbogbo ẹ̀, ó ní àjọ̀dún la fẹ́ ṣe, àwọn ìyá ìjọ ò ní fẹ́ gbọ́ pé àwọn baba ńlá wọn ló febi pa ìyáàfin. Mo ní kó dá a padà. Ó ní kò burú, àmọ́ kí òun kọ ọ́ sí i pé Ìjẹ̀bú ló dí ọ̀nà o, Rẹ́mọ ò sí níbẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, torí ní 1865 yẹn náà Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, tó jẹ́ ìlú Rẹ́mọ nígbà yẹn, torí pé àwọn ará Ìkòròdú ń bá Ìbàdàn ṣe, ọmọ ogun ìjọba Èkó ló lé wọn kúrò. Àmọ́ ṣé fíìmù kékeré la fẹ́ fi gbèjà Rẹ́mọ ni? A fi í sílẹ̀ bó ṣe rí, àwọn ìyá sì wò ó tán, kò sẹ́ni tó bínú.

Owó wọn ò ga jù, ìdajì ni wọ́n ń gbà ṣáájú. Ẹni tó bá ní ìgbéyàwó tàbí òkú, kó gbé e fún wọn. Tó bá jẹ́ ìtàn míṣọ́nárì, ẹ kọ ọ́ fúnra yín kẹ́ ẹ tó lọ, àwọn ìwé CMS wà ní National Archives nínú Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ lọ kà á. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọ́n máa kó gbogbo fídíò tí wọn ò tíì gé fún yín, torí tiwa ṣì wà lọ́wọ́ wọn, tí mo bá pè wọ́n á ní "ẹ̀gbọ́n, ó di ọ̀la."