ESPN, FloTrack, Peacock, àbí tíkẹ́ẹ̀tì: níbo ni kí olólùfẹ́ eré sísá ná owó rẹ̀ sí?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Amẹ́ríkà, tí ẹ fẹ́ máa wo eré sísá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pẹ̀lú ti àwọn tó fi eré sísá jẹun, ẹ máa tètè rí i pé kò sí ibì kan ṣoṣo tí ẹ lè sanwó sí kí ẹ rí gbogbo rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́ta, ESPN, FloTrack tó wà lórí ayélujára, àti NBC tó ni Peacock, ló pín ẹ̀tọ́ ìgbéjáde náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kí ẹ tó wo iye owó, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ máa tẹ̀lé. Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ẹni tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sáré fún yunifásítì yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí mo ní fún ẹni tó fẹ́ rí Tóbi Amúsàn ní Zurich.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ fi Amúsàn ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, University of Texas at El Paso ló sì sáré fún. Ní 2017, ó borí nínú eré àfòdènà 100 mítà ti NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ní Hayward Field, ìlú Eugene, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Orí ESPN ni wọ́n ti gbé e jáde. Ní oṣù Keje 2022, ìlú Eugene kan náà ló padà sí fún ìdíje àgbáyé, ó sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, kò sì sí obìnrin tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí. Ilé iṣẹ́ NBC àti Peacock tó jẹ́ tiwọn ló ni ìyẹn. Ó gba ife Diamond League, ọ̀wọ́ ìdíje ọdọọdún àwọn tó fi eré sísá jẹun, ní 2021, 2022 àti 2023, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ wo Diamond League láti Amẹ́ríkà lónìí, FloTrack ni ẹ máa sanwó fún. Obìnrin kan ṣoṣo rèé, ibi ìsanwó mẹ́ta.

Bí ọmọ yunifásítì bá ni tiyín, ESPN ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àṣekágbá NCAA mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ wọn: ti inú ilé ní oṣù Kẹta, ti pápá ìta ní oṣù Kẹfà, àti cross country, eré ọ̀nà jíjìn orí koríko, ní oṣù Kọkànlá. Eré àwọn ẹgbẹ́ yunifásítì bíi SEC, ACC àti Big 12 náà máa ń wà lórí ìkànnì wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń tàn ní ọdún mélòó kan yìí, abẹ́ àwọn ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Káńyìnsọ́lá Àjàyí tó dé àṣekágbá 100 mítà nínú ìdíje àgbáyé ní Tokyo ní 2025, Auburn ló ń sáré fún. Ní ọdún yẹn kan náà, Samuel Ogazi ti Alabama gba 400 mítà NCAA, Ezekiel Nathaniel ti Baylor sì gba àfòdènà 400 mítà. SEC ni Auburn àti Alabama, Big 12 ni Baylor. Ẹni tó ní ESPN lọ́wọ́ kò ní pàdánù wọn.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbí. Ètò olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní ESPN+ tẹ́lẹ̀, tó di ESPN Select ní 2025, kì í ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Dọ́là 4.99 lóṣù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2018, ó ti di 11.99 ní 2024. Eré tí wọ́n bá gbé sórí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n ESPN gan-an tàbí ESPNU, ètò kékeré yẹn lè má fi hàn yín. Ètò ńlá tí wọ́n ń pè ní Unlimited, tó bẹ̀rẹ̀ ní dọ́là 29.99 lóṣù, tàbí okùn tẹlifíṣọ̀n ilé yín ló máa ṣí i. Nítorí náà, ẹ wo orúkọ ìkànnì tí wọ́n kọ sí ìwájú eré tí ẹ fẹ́ wò kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìsanwó. Bí ó bá sì jẹ́ Oregon, Wisconsin, Michigan tàbí UCLA ni ọmọ yín wà, ẹgbẹ́ Big Ten ni wọ́n, ibòmíràn ni eré ẹgbẹ́ wọn sì máa ń wà títí ìdíje orílẹ̀-èdè yóò fi dé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò ESPN kì í ṣe àṣekágbá oṣù Kẹfà. Ìpele àkọ́kọ́ ní ìparí oṣù Karùn-ún ni, nígbà tí wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí Ìlà-oòrùn àti Ìwọ̀-oòrùn. Ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ọmọ méjìdínláàádọ́ta ló ń wọlé fún eré kan, méjìlá péré ló ń lọ sí Eugene. Ibẹ̀ ni ọkàn ti ń gbọ̀n jù. Ẹni tó ṣe ipò kẹtàlá, ọdún rẹ̀ ti parí nìyẹn. Bí ẹ bá ní ẹbí kan nínú eré náà, oṣù yẹn gan-an ni kí ẹ san, bí ẹ kò tilẹ̀ san òmíràn láàárín ọdún.

FloTrack yàtọ̀. Láti 2025 títí di 2029, àwọn ló ni ẹ̀tọ́ Diamond League ní Amẹ́ríkà, àyàfi Prefontaine Classic, ìdíje rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Eugene, tó kù sọ́wọ́ NBC. Ẹ̀tọ́ Amẹ́ríkà la ń wí o. Ẹni tó wà ní London tàbí Ìbàdàn kò gbọdọ̀ rà á tìtorí Diamond League láì kọ́kọ́ wádìí. Penn Relays náà wà níbẹ̀, eré tí wọ́n ti ń sá ní Philadelphia láti 1895, tí àwọn ará Jàmáíkà máa ń kún pápá rẹ̀ fọ́fọ́. Nǹkan bí ọgbọ̀n dọ́là ni owó oṣù kan. Ó wọ́n, mi ò ní purọ́. Ẹni tó bá san án ní oṣooṣù fún oṣù márùn-ún ti ná nǹkan bí àádọ́jọ dọ́là. Ètò ọdọọdún ló sàn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé owó oṣù kan níbẹ̀ kéré gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa yọ gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ àṣekágbá Diamond League nìkan lẹ fẹ́ wò, oṣù kan tó. Kí ẹ sì fagi lé e kí oṣù tó pé, torí fúnra rẹ̀ ló ń sanwó ara rẹ̀.

Peacock ló rọrùn jù láti pinnu. Dọ́là 10.99 lóṣù láti oṣù Keje 2025. Ìdíje àgbáyé Tokyo 2025 wà níbẹ̀, Òlíḿpíìkì Los Angeles 2028 náà yóò wà níbẹ̀. Ẹ san án ní oṣù ìdíje, kí ẹ dá a dúró.

Ẹ má sì jẹ́ kí liigi tuntun kankan fi ariwo mú yín san owó ọdún kan. Grand Slam Track ti Michael Johnson, sárésáré Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2025 pẹ̀lú ẹ̀bùn 100,000 dọ́là fún ẹni tó bá borí. Wọ́n ṣe é ní Kingston, ní Miramar, ní Philadelphia, wọ́n fagi lé ti Los Angeles, ọ̀pọ̀ sárésáré kò sì rí owó wọn gbà lásìkò. Ó dùn mí fún àwọn ọmọ náà ju ohunkóhun lọ.

Ní ti cross country, tíkẹ́ẹ̀tì ni mo fara mọ́. Ẹ má jókòó sílé bí ẹ bá lè dé ibẹ̀. Orí koríko ni wọ́n ń sá a, lórí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin ń sá kìlómítà mẹ́wàá, obìnrin mẹ́fà. Ọmọ méje ló ń sáré fún yunifásítì kan, ipò àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ni wọ́n ń rò pọ̀, ẹgbẹ́ tí àròpọ̀ rẹ̀ kéré jù ló borí. Ẹ̀rọ àwòrán a máa tẹ̀ lé àwọn iwájú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn, láàárín èrò tó ju igba lọ, ni ife ẹgbẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní Madison, ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní 2024, Graham Blanks ti Harvard ló borí nínú ti ọkùnrin, ìgbà kejì rẹ̀ léraléra, Doris Lemngole ti Alabama ló borí nínú ti obìnrin. Síbẹ̀, yunifásítì BYU ló kó ife ẹgbẹ́ méjèèjì lọ. Ẹni tó wo tẹlifíṣọ̀n rí Blanks. Ẹni tó dúró lẹ́bàá òkè rí ọmọ karùn-ún BYU tó ń sa gbogbo agbára rẹ̀ láti kọjá ẹnì kan péré sí i, torí pé ẹnì kan yẹn ní iye. Ẹ lè sáré láti igun kan dé ìkejì kí ẹ rí wọn lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọ bàtà tó lè gba ẹrẹ̀ àti aṣọ òtútù tó nípọn. Oṣù Kọkànlá ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀, èsì eré àwọn yunifásítì wà lórí ìkànnì ayélujára TFRRS lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ ọmọ ni ẹ máa tẹ̀, gbogbo eré tó ti sá yóò jáde. Kò sí ìdí láti sanwó fún ẹnikẹ́ni nítorí èsì.

Bí ẹ bá wá pinnu láti lọ sí Eugene fún àṣekágbá NCAA, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ẹ fẹ́ wò. Ọjọ́rú àti Ẹtì ni ti ọkùnrin, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé ni ti obìnrin. Ẹni tó ra ti Ẹtì nìkan tìtorí ọmọbìnrin rẹ̀ yóò ti padà sílé kí àṣekágbá ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀.