Ẹ má sanwó òdòdó tútù fún ẹni tó ní òun á gbé e dé Rẹ́mọ, kí ẹ tó gbọ́ tèmi

₦81,500. Mo kọ ọ́ síbí gbangba kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé nítorí owó gúgúrú ni mo ṣe ń pariwo. Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí tí wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, oúnjẹ ò sì tíì lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa. Owó ń dùn mí o, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbé síwájú màmá mi ní Ìsarà Rẹ́mọ, lọ́jọ́ tí wọ́n pé ẹni ọdún 75, òun ló ń dùn mí ju owó lọ.

Abuja ni mo ń gbé. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n lè wálé lọ́jọ́ náà, mo sì ní kí n ṣe ohun tí wọn ò ní gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ òdòdó, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bi mí bíi pé mo ya wèrè. Fọ́tò ìgbéyàwó màmá mi wà lára ògiri pálọ̀ wa, ti ọdún 1974. Òdòdó wà lọ́wọ́ wọn nínú fọ́tò yẹn, rọ́bà ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ti ìyàwó tó ṣègbéyàwó ṣáájú àwọn ni, pé yíyá ni wọ́n yá a, wọ́n sì wá gbà á padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn mọ̀ pé ó wà lọ́kàn wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní lọ́dún yìí, òdòdó tútù, róòsì gidi, mẹ́rìnlélógún, èmi ni màá fi lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ṣàgámù kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní, "Ta ló ń jẹ òdòdó? Ra ewúrẹ́ fún màmá." Mo bínú, mo ní wọn ò mọ nǹkan ẹ̀yẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dún létí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Orí Instagram ni mo ti rí àwọn tó ní àwọn ń ta òdòdó yìí. Wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù àwọn wà, pé àwọn ń gbé òdòdó dé Òdogbolú, Ìjẹ̀bú-Igbó, Agọ́-Ìwòyè, Ìkẹ́nnẹ́, Ìperu, Ìsarà, kò síbi tí àwọn kì í dé. Fọ́tò Ojúde Ọba ló kún ibẹ̀, àwọn obìnrin nínú aṣọ rẹgbẹ́rẹgbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra), gèlè wọn ga fíofío, òdòdó pupa lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọ tó ti ń lọ wo Ojúde Ọba láti kékeré, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tó rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ṣé ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀? Mo rò pé ará ilé ni. Ohun tí wọ́n fi mú mi gan-an nìyẹn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ tán ni mo rí fọ́tò méjì nínú wọn lórí péèjì oníṣòwò mìíràn ní Èkó, pẹ̀lú orúkọ oníṣòwò náà nísàlẹ̀. Àwọn ọlọ́ṣà yìí ti gé orúkọ yẹn kúrò.

Obìnrin tó dá mi lóhùn lórí WhatsApp mọ ọ̀rọ̀ sọ. "Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mi ò lè jẹ owó ìyá." Mo bi í ṣé tútù ni òdòdó ọ̀hún lóòótọ́. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn máa gé e nínú oko àwọn ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ibí ni mo ti ń bá ara mi jà lóru. Àgùnbánirọ̀ ni mo ṣe ní Jos. Mo fojú ara mi rí róòsì níbẹ̀, mo rí irú òtútù tó fi ń ṣe dáadáa. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú róòsì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí wọ́n ń tà l'Ékòó, ọkọ̀ òfúrufú ló ń gbé e wá láti Kẹ́ńyà, òmíràn ń wá láti Jos, inú fíríìjì ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí títí wọ́n á fi tà á. Oko róòsì wo ló wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ti ń gé mẹ́rìnlélógún láàárọ̀ ọjọ́ kan? Mo mọ gbogbo èyí, mo sì sanwó. Ẹ má bi mí ìdí. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ fún mi pé ọ̀pọ́ ni mo ń wá. Kò sí ọ̀pọ́ níbẹ̀! ₦60,000 ni wọ́n pe òdòdó, ₦12,000 ni wọ́n pe owó ọkọ̀. Mo san án lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò ná an. Orúkọ ọkùnrin kan ló wà lórí àkáǹtì náà, kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Mo bèèrè. Ó ní ọkọ òun ni, pé àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù ní wàhálà ní báǹkì. Nígbà tó ku ọ̀la, ó tún ní oòrùn mú, ó yẹ kí àwọn fi kúlà àti yìnyín gbé e, ₦6,000. Mo san án, mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olè!

Ọjọ́ Sátidé ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la jọ sọ. Nígbà tó di aago kan, ọlọ́kadà kan pè mí, ó ní òun wà ní Ṣàgámù níbi tí ọ̀nà ti pín, epo òun tán, kí n fi ₦3,500 ránṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òdòdó á rọ. Mo fi ránṣẹ́. Aago mẹ́ta kọjá kí ó tó dé Ìsarà.

Ilé kún. Àwọn Ìyá Ìjọ wà níbẹ̀, àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bíi màmá mi náà wà níbẹ̀, wọ́n ti jẹun tán. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù dání kí n lè rí ojú màmá lórí fídíò. Mo ti ń sunkún ayọ̀ kí ọlọ́kadà tó sọ̀ kalẹ̀. Inú láílọ̀ọ̀nù dúdú ni nǹkan náà wà, kò sí kúlà, kò sí omi, kò sí yìnyín kankan. Wọ́n tú u.

Òdòdó rọ́bà funfun ni. Wọ́n fi wáyà ká a róbótó, eruku ti wọnú àwọn ewé rọ́bà rẹ̀, gọ́ọ̀mù gbẹ sí i lára bí ikun imú ọmọdé. Ríbọ́ọ̀nù àlùkò kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n ti ṣí lẹ́tà tó wà lára ríbọ́ọ̀nù yẹn kúrò, ṣùgbọ́n wọn ò ṣí i tán. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó jókòó sẹ́bàá màmá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ Yorùbá kà, ló kà á sókè: "Dà... á... rọ̀."

Ó dàárọ̀! Òdòdó tí wọ́n ń gbé lé orí pósí ni wọ́n gbé fún màmá mi lọ́jọ́ ìbí wọn!

Gbogbo ilé ké "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Ìjọ kan já a gbà, wọ́n sáré gbé e jáde, àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ àdúrà, wọ́n ń fọwọ́ gbá ilẹ̀. Fóònù já bọ́, àjà ilé nìkan ni mo ń rí, mo ń gbọ́ ariwo, mo ń pe "Màmá! Màmá!" láti Abuja, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Mo rò pé wọ́n ti ṣubú.

Wọn ò ṣubú. Lálẹ́ ni wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn mí ju bí wọ́n bá bú mi lọ. Ìsarà kì í ṣe ìlú ńlá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́jà pé ọmọ Ìyá Tíṣà tó wà l'Ábújá fi òdòdó òkú ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Èmi!

Mo pe obìnrin yẹn. Ó kọ́kọ́ ní àṣìṣe ni, pé ọlọ́kadà mú ti ẹlòmíràn. Mo ní kó gbé tèmi wá nígbà náà, ó ní kí n san owó ọkọ̀ mìíràn. Nígbà tí mo lé e, ó ní, "Àbí ẹ fẹ́ pa mí nítorí òdòdó?" Ó sì búlọ́ọ̀kì mi. Ìwọ tí o fi òdòdó pósí dá ẹ̀rù ba arúgbó, ìwọ lo ń bi mí bóyá mo fẹ́ pa ọ́!

Báǹkì ní èmi ni mo fi píìnì ara mi fowó ránṣẹ́, pé àwọn á kọ̀wé sí báǹkì kejì. Wọ́n ní owó ti jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ti kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà. Ọlọ́kadà yẹn náà, mi ò gbà pé kò mọ̀. Ṣé kò rí ohun tó gbé ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì fẹ́ ra òdòdó: ẹ ní kí wọ́n ya fídíò òdòdó yín gan-an lọ́jọ́ náà, kí orúkọ ẹni tó ni ín wà lórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí orúkọ àkáǹtì bá yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sanwó. Ẹ fi fọ́tò wọn wá inú Google bóyá ti ẹlòmíràn ni. Ẹ san ìdajì, kí ìdajì kù dìgbà tó bá dé. Róòsì tútù kì í wá nínú láílọ̀ọ̀nù lórí ọ̀kadà nínú oòrùn. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú omi tàbí nínú nǹkan tó rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rọ kó tó dé Ṣàgámù. Tí ẹ bá ní ẹni yín tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ ní kó rà á fúnra rẹ̀. Ìsarà ò jìnnà sí títì márosẹ̀. Àbí kẹ̀, ẹ ra èyí tó wà nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, kí màmá fi ojú ara wọn rí i kó yọ.

Wọ́n ní àwọn olóòótọ́ wà lára àwọn tó ń ta òdòdó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, mi ò gba ẹni tí mi ò rí ojú rẹ̀ gbọ́ mọ́, ìbáà jẹ́ òdòdó, ìbáà jẹ́ bàtà, ìbáà jẹ́ gààrí.

Péèjì wọn ṣì wà níbẹ̀. Lánàá ni wọ́n gbé òdòdó tuntun síta, ẹnì kan sì kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pé, "Èló ni? Ìyá mi wà ní Òdogbolú." Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ni wọ́n. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n fi pa á rẹ́, wọ́n sì ti ibẹ̀ mọ́ mi. Ìdí tí mo fi wá kọ ọ́ síbí nìyẹn. Ìwọ tí ìyá rẹ wà ní Òdogbolú, tí èyí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, jọ̀wọ́, má tíì fowó ránṣẹ́.