Àwọn tó bá wa tún ilé bàbá wa ṣe kó tó tà: ohun tí ojú mi rí

Oṣù méje gbáko ni ilé bàbá wa tó wà ní Àpáta, n'Ìbàdàn, fi wà lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì tí ẹnikẹ́ni ò dá iye kan lé e. Àwọn tó ń wá wò ó kì í kọjá pálọ̀. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbójú sókè wo àjà, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, ó parí nìyẹn. Ejẹ́ǹtì ní ká já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Manchester ló ní ká ṣe sùúrù, pé àwọn ará ibi tí òun wà kì í dédé gbé ilé síta láìkọ́kọ́ tún un ṣe, àti pé òun ti bá àwọn kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa wọn ní dídùn, ó sì ní kíkan. Ẹni tí ilé òbí wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ tà á ni mo kọ ọ́ fún.

₦480,000 ni wọ́n gbà ní oṣù kejì ọdún 2024. Ọ̀dà ò sí nínú rẹ̀. Àwa la ra garawa ọ̀dà oní-lita 20 mẹ́sàn-án. Owó yẹn ló kárí ìpalẹ̀mọ́, fífọ ilé, owó iṣẹ́ àwọn akunlé, àga àti tábìlì tí wọ́n yá wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òdòdó iwájú ilé, àti fọ́tò. Èèyàn mẹ́fà ló wá, àǹtí kan ló ṣáájú wọn.

Àǹtí yìí ni mi ò lè gbàgbé. Màámi ṣì wà láyé, ọ̀dọ̀ àbúrò mi l'Ékòó ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí bàbá ti kú. Wọ́n ní dandan ni kí àwọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa kó ẹrù. Àyà mi ń já, torí fọ́tò mẹ́rìnlá ló wà lára ògiri pálọ̀ yẹn, látorí ìgbéyàwó tiwọn dórí ọjọ́ tí àbígbẹ̀yìn gboyè. Àǹtí ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀ kí Màámi, ó fa àpótí kékeré kan sún mọ́ wọn, ó jókòó, ó ní, "Mà, èwo lẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ bá yín lọ?" Màámi wò yí ká títí, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn já aago ògiri tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n gbé e lé itan. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn fúnra wọn ló ń nawọ́ sí fọ́tò tó kàn, tí ọmọkùnrin kan ń sọ ọ́ kalẹ̀, tó ń fi aṣọ wé e. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì wo aago. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún èyí.

Ohun tó yí ilé náà padà jù lọ, kì í ṣe ọ̀dà. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ni. Ilé àtijọ́ ni, onílúfà ni gbogbo fèrèsé rẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó wà lójú wọn sì ti gba eruku ọ̀pọ̀ ọdún mọ́ra débi pé ọ̀sán gangan la máa ń tan iná ní pálọ̀. Wọ́n fà á ya, wọ́n fi tuntun sí i. Wọ́n yọ dígí lúfà lọ́kọ̀ọ̀kan, 112 ni mo kà, wọ́n kó wọn sínú ọpọ́n omi ọṣẹ gbígbóná, wọ́n fi kànìnkànìn fọ̀ wọ́n, wọ́n sá wọn sórí ẹní. Nígbà tí wọ́n dá a padà tán, oòrùn àárọ̀ wọlé tààrà, mo sì rí i pé òkúta wẹ́wẹ́ tó jẹ́ àwọ̀ ewé wà nínú tẹ́rásò pálọ̀ wa. Inú ilé yẹn ni mo dàgbà sí, mi ò rí i rí. Wọ́n tún pààrọ̀ gílóòbù, torí àwọn kan funfun, àwọn kan pupa rúsúrúsú, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ kan. Yàrá tí Màámi ń kó ẹja gbígbẹ àti èlùbọ́ sí, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣí i sílẹ̀, wọ́n gbé àwo èédú sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òórùn náà sì lọ. Ìgbà tí gbogbo èyí parí ni wọ́n tó ya fọ́tò, ní aago mẹ́jọ àárọ̀.

Ògiri ọgbà náà ní ìtàn tirẹ̀. Bàbá ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí aráyé ṣọ́ra fún gbájúẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn tàbí Èkó mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀kan, pupa yọ. Wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, a ṣì lè kà á. Ìgbà tí wọ́n fi sáńpépà há a, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀dà elépo bò ó kí wọ́n tó kun ọ̀dà olómi lé e, ló tó dákẹ́. Nǹkan tí wọn ò sọ fún wa ni pé àwọn aládùúgbò á fura. Bàbá iwájú ilé wa lé ẹnì kan tó wá wo ilé dànù, wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ lu wa ní jìbìtì ni. Mo ní láti lọ kí wọn láti ojúlé dé ojúlé, kí n sọ ọ́ lẹ́nu ara mi pé àwa la fẹ́ tà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan nìyí. Nísàlẹ̀ ògiri yàrá iwájú, àbààwọ́n kan wà tó ti pẹ́, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń hù lára rẹ̀. Téèyàn bá fi ìka kàn án, á gbọ̀n sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti fi han ọ̀gá àwọn akunlé. Ó ní ohun àtijọ́ ni, ó há a, ó kùn ún. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ògiri gbẹ, ó dán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ bárò mẹ́fà wá síta, wọ́n wọ́ ọ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan náà, wọ́n gbin òdòdó sí i. Iyẹ̀pẹ̀ náà ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ. Ó rẹwà lójú mi, mo yìn wọ́n.

Ní oṣù kẹta, ọkùnrin kan pẹ̀lú ìyá rẹ̀ wá wo ilé, a dúnàádúrà, ọ̀rọ̀ wọ̀. Lọ́yà rẹ̀ ti ń yẹ ìwé wò. Wọ́n tún padà wá ní oṣù kẹrin, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ fún òru mẹ́ta. Ìyá yẹn ò dúró ní pálọ̀. Wọ́n wọ yàrá iwájú lọ tààrà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Ọ̀dà ti wú léléléé bí ara tí omi gbóná dà sí. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ó bẹ́, omi ṣàn sí wọn lọ́wọ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí lẹ tún kùn mọ́lẹ̀ nínú ilé yìí?" Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ là kí n wọlé. Wọn ò padà wá mọ́.

Nígbà tí mo pe àwọn tó ṣiṣẹ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ omi ara ògiri ò sí nínú àdéhùn, pé tí a bá ra ọ̀dà, àwọn á tún un kùn lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni pé kò sí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n mo ti fi àbààwọ́n náà hàn wọ́n, àwọn ló sì kó iyẹ̀pẹ̀ tira ògiri.

Bíríkìlà àdúgbò ló là mí lóye. Ó ní wọn ò fi ohunkóhun dí omi lọ́nà lórí ìpìlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà, omi òrùlé ń kán sí ẹsẹ̀ ògiri, iyẹ̀pẹ̀ tuntun yẹn wá gbà á dúró, ni búlọ́ọ̀kù bá ń mu ún. A wú òdòdó, a kó iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Ó gbẹ́ símẹ́ǹtì ara ògiri kúrò láti ilẹ̀ dé nǹkan bíi mítà kan, ó fi símẹ́ǹtì tí wọ́n po oògùn tó ń dí omi mọ́ rẹ́ ẹ padà, ó da kọnkéré sí ẹsẹ̀ ògiri níta kó lè máa darí omi lọ, a sì fi páìpù gba omi òrùlé. Ó ní ká má kùn ún fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. ₦210,000 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ wa, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ ní ìpele ìpele.

Ẹni tó rà á ní oṣù kẹjọ, kó tó jókòó ni mo ti kó àwọn fọ́tò yẹn fún un. Ó wò wọ́n pẹ́ ju bó ṣe wo ilé lọ. Àwọn tó bá wa tún ilé ṣe ti kó àga wọn lọ nígbà náà, ilé ṣófo, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kún inú rẹ̀. Ní tèmi, àga yíyá ò pọn dandan.

Ọ̀rọ̀ ìwé ò sí nínú iṣẹ́ wọn, àmọ́ àǹtí gbà wá nímọ̀ràn pé ká kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan: C of O (ìwé ẹ̀rí ìjọba lórí ilẹ̀), sọ́fè (ìwé ìwọ̀n ilẹ̀), ìwé tí kóòtù fún wa láti máa bójú tó ohun ìní bàbá torí wọn ò kọ ìwé ìhágún, àti rìsíìtì iná tó fi hàn pé a ò jẹ gbèsè. Ó gbà wá là, torí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà irú ilé bẹ́ẹ̀, lọ́yà tó bá sì mọṣẹ́ á béèrè gbogbo ìwé yẹn. Ìbéèrè tí gbogbo àlejò tún máa ń bi wá ni pé, "Ṣé bàbá ò sí nínú ọgbà?" Itẹ́ òkú ìjọ la sin bàbá sí. Ẹ tètè máa sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún àwọn tó bá wa tún ilé ṣe, ti àǹtí àti àwọn tó fọ lúfà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àbúrò bàbá wa fẹ́ ta ilé wọn ní Òṣogbo, wọ́n ti ń bi mí nípa wọn. Mo fún wọn ní nọ́ńbà àǹtí, mo fún wọn ní ti bíríkìlà náà, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí bíríkìlà kọ́kọ́ dé.