Ìbòrí fóòmù olóògùn àbí onísíìpù: èwo ló lè ká ìdun lọ́wọ́ kò?

Oríṣi ìbòrí méjì ni wọ́n ń tà fún ẹni tí ìdun ń bá fínra. Àkọ́kọ́ jẹ́ àpò: ẹ ó ti fóòmù bọ inú rẹ̀ tán pátá, ẹ ó sì fa síìpù rẹ̀ dé. Kò sí oògùn kankan lára rẹ̀. Èkejì jẹ́ aṣọ tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn apakòkòrò láti ilé iṣẹ́; ó sábà máa ń ní rọ́bà létí bíi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sì ṣí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lowó yín ká, onísíìpù ni kí ẹ rà.

Ibi tí agbára olóògùn mọ

Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní permethrin ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. ActiveGuard tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ní permethrin ìdá 1.64 nínú ọgọ́rùn-ún, ọdún 2 ni wọ́n sì ní kí èèyàn lò ó kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Oògùn yìí kì í fò bí èéfín. Àfi kí ara ìdun kan aṣọ náà. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ohio State University, ìdun tó wà lórí aṣọ yìí fún ìṣẹ́jú 10 péré kò mu ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ẹyin tó ń yé sì dínkù. A ò lè fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n inú ike ni ìdun náà wà, kò ríbi yà sí.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀tọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì yín ló wà lókè ìbòrí. Ìdun tó gba ara ògiri tàbí igi ìgbèrí wá lè rin orí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì dé ọrùn yín, kó mu ẹ̀jẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5 sí 10, kó sì padà sílé láìfẹsẹ̀ kan oògùn rárá. Èyí tó bá ń sùn létí fóòmù ni ọwọ́ oògùn máa ń tẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tó tún le jùyẹn lọ ni pé oògùn yìí ti ń di omi lẹ́nu ìdun. Ìdílé kan náà ni permethrin àti oògùn ara nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti wá. Láti 2002 ni wọ́n ti tẹ ìwádìí kan jáde láti Tanzania pé ìdun abúlé tí wọ́n ti ń lo nẹ́ẹ̀tì olóògùn fún ọdún bíi mélòó kan kì í fẹ́ kú mọ́. Ìdun Amẹ́ríkà, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ọsirélíà náà ti gbówọ́ sí oògùn yìí: awọ ara àwọn kan ti nípọn sí i, ara àwọn mìíràn sì ń fọ́ oògùn náà kó tó ráyè ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí nẹ́ẹ̀tì olóògùn tuntun bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì yín, tí ìdun sì ń rìn fàlàlà lára rẹ̀, ẹ má ṣe náwó sórí ìbòrí oní-permethrin.

Ilé tí ológbò bá ti ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì náà kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Májèlé ni permethrin fún ológbò.

Onísíìpù: kì í pa, ó ń sé mọ́lé ni

Ìdun tó bá wà nínú fóòmù nígbà tí ẹ fa síìpù dé kò ní rí yín bù jẹ mọ́. Ebi ni yóò pa á. Ṣùgbọ́n ìdun lè pẹ́ lóṣù mélòó kan láìmu ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ fi ìbòrí náà sílẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Ẹ má ṣí i wò. Àǹfààní mìíràn tí àwọn tó ń tà á kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé ara ìbòrí náà dán: ojú rírán àti ìṣẹ́po tí ìdun ń sá sí lára fóòmù ti di bíbò, ìdunkídun tó bá dé lẹ́yìn náà yóò hàn kedere lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ìparí síìpù. Ọmọ ìdun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò ju mìlímítà kan ààbọ̀ lọ ní gígùn, ó sì pẹlẹbẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa síìpù dé tán, kí ẹ ki etí pépà bọ ibi tí orí síìpù dúró sí. Bí pépà bá wọlé, ọmọ ìdun yóò jáde. Èyí tó dára máa ń ní aṣọ kékeré tó bo orí síìpù mọ́lẹ̀, tàbí ohun tó dì í mú kó má yọ̀ padà. Ẹ wo eyín síìpù pẹ̀lú: wínníwínní ló yẹ kó jẹ́. Ẹ wo inú aṣọ náà. Polyester tí wọ́n lẹ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ lára nínú ló dára jù. Èyí tó jẹ́ kìkì nylon máa ń móoru, ó ń pariwo bí èèyàn bá yíra padà, ó sì tètè ń ya.

Wíwọ̀n ṣe pàtàkì, nítorí ìbòrí tó bá tóbi jù yóò ká jọ, inú ìkájọ náà sì ni ìdun yóò fi ṣelé. Fóòmù tí à ń pè ní "six by four and half" sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 75 ní 54. Ìyẹn bá ìwọ̀n fóòmù tí wọ́n ń pè ní Full ní Amẹ́ríkà mu, kò sì jìnnà sí Double ti Gẹ̀ẹ́sì. "Six by six" tó jẹ́ íǹṣì 75 ní 72 ló ń dá wàhálà sílẹ̀: King ti Amẹ́ríkà yóò ṣẹ́ kù lápá méjèèjì, Super King ti Gẹ̀ẹ́sì yóò sì fún un níbùú. Ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga, kí ẹ rán tẹ́lọ̀ sí i bó bá pọn dandan, ṣùgbọ́n kí ojú rírán rẹ̀ má ní ihò.

Bẹ́ẹ̀dì onírin tí wọ́n jó lójú ìsopọ̀ máa ń ní ìṣó tàbí etí mímú tó ń fa ìbòrí ya lábẹ́. Ẹ fi aṣọ nínípọn wé àwọn ibẹ̀ kí ẹ tó gbé fóòmù lé e. Bó bá ya, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù tó lágbára mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀.

Olóògùn tí kò lóògùn

Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ "anti-bedbug" sí lára kò ní ju aṣọ lásán lọ. Ẹ wá orúkọ oògùn, ìdá rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, iye ọdún tó ń lò, àti bí wọ́n ṣe ní kí ẹ fọ̀ ọ́. Bí kò bá sí orúkọ oògùn, iye aṣọ lásán ni kí ẹ san. Ẹ má fi ohun tó ń fọ aṣọ funfun (bíi Jik tàbí Hypo) fọ èyí tó jẹ́ olóògùn gidi, kí ẹ má sì sá a sóòrùn. Méjèèjì ń ba oògùn náà jẹ́.

Fífi Sniper tàbí oògùn apakòkòrò dichlorvos mìíràn wọ́n fóòmù kí a tó fi ìbòrí bò ó kò bójú mu. Èéfín rẹ̀ ni ẹ ó máa fà símú mọ́jú, NAFDAC pàápàá ti fòfin de ìgò kékeré 100ml rẹ̀ ní 2019.

Ohun tí ìbòrí kankan kò lè ṣe

Kí a bo fóòmù ká fi férémù sílẹ̀, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Ẹ tú bẹ́ẹ̀dì onígi palẹ̀, kí ẹ da omi tó ń hó sójú ìsopọ̀ rẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná 60°C fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti aṣọ ìrọ̀rí. Ẹ fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú abọ́. Ìdun ilẹ̀ olóoru máa ń gun ara ike dídán ju ti ilẹ̀ olótùútù lọ, nítorí náà pàúdà tí àwọn kan ń dà sínú abọ́ náà kí ìdun má lè gùn ún jáde kò tó: omi ọṣẹ ni kí ẹ bù sí i, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa ka iye ìdun tó bá kú sínú rẹ̀. Bí ìdun ṣì ń kó sínú abọ́ lẹ́yìn oṣù méjì, kì í ṣe fóòmù ló kù, ògiri ni.