Kíláàsì agbára ẹ̀mí fún sójà: mo lọ, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Sójà Amẹ́ríkà ni mí, mi ò sì kì í fẹ́ gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n ní ká wá sí kíláàsì agbára ẹ̀mí, mo ti rò pé ìsìn ni wọ́n fẹ́ fọgbọ́n kó wa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Látọdún 2020 ni H2F, ìyẹn ètò ìlera àti okun ara àwọn ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ka ẹ̀mí mọ́ nǹkan márùn-ún tó ń gbé sójà ró, àwọn yòókù ni ara, ọpọlọ, oúnjẹ àti oorun, ẹni tí ò lẹ́sìn náà sì wà ńbẹ̀. Chaplain, ìyẹn àlùfáà àwọn ológun, ò wàásù, ó kàn pín bébà, ó ní ká kọ ìdí tá a fi wọṣẹ́ ológun àti nǹkan tá ò ní ṣe láéláé, kódà bí ọ̀gá bá pàṣẹ ẹ̀. Háà, pẹ́nì mi dúró! Bébà yẹn ṣì wà nínú àpò mi, òun ni mo máa ń rántí tí mo bá gbẹ́rù rìn jìnnà tí ẹsẹ̀ ti bó. Àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ pé lẹ́yìn eré ìdájí ni wọ́n fi í sí? Ètò tó ní oorun ṣe pàtàkì, èèyàn ń han-anrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.