Owó òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́: ohun tí mo rí nígbà tí ẹsẹ̀ mi kán

Ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní Òṣogbo, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún un ni pé kó lọ sinmi, kó máa gbàdúrà, ọ̀gá á sì fún un ní ìwọ̀nba owó oògùn tí agbára rẹ̀ bá ká. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọwọ́ ẹbí. Mo ń kọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé òfin ti ṣètò owó sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo bèèrè fún un, mo sì rí i gbà. Tí wọ́n bá ní kí n fún ètò náà ní ìràwọ̀ nínú márùn-ún, màá fún un ní mẹ́rin. Ẹ máa rí ìdí tí mo fi yọ ọ̀kan kúrò.

Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lóru ọjọ́ kan, òróró tí a fi ń pa inú páànù dà sílẹ̀ lẹ́bàá ààrò, kò sì sí iná níhà ibẹ̀. Mo gbé páànù lọ́wọ́, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ mi ọ̀tún sì kán. Ìdúró la fi ń ṣe iṣẹ́ búrẹ́dì láti alẹ́ dójúmọ́. Ẹni tí kò lè dúró kò lè ṣe é, kò sì sí bí mo ṣe lè fi ọgbọ́n gbé e.

Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá wa, ìwé kan wà tí wọ́n fi férémù kọ́ sára ògiri. Ìwé ẹ̀rí NSITF ni, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó àwọn òṣìṣẹ́ tó fara pa. Ọ̀gá gbà á nígbà tó ń wá kọ́ńtáráàtì láti máa gbé búrẹ́dì fún ilé iṣẹ́ ìjọba, torí wọ́n máa ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la ti ń rí ìwé yẹn tipẹ́, kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ó kàn wá. Ọkọ mi ló kà á nígbà tó lọ bá mi gba owó oṣù, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ni òfin tó gbé ètò náà ró. Ó ní kí gbogbo agbanisíṣẹ́, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa san náírà 1 sí àpò NSITF lórí gbogbo 100 náírà tó bá san fún òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù. Ẹ wò ó fún ẹni tó ń gba 70,000 náírà, tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024: 700 náírà péré ni lóṣù. Àpò agbanisíṣẹ́ ló sì ti gbọ́dọ̀ jáde, òfin kò gbà kó yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Nítorí náà, kí ojú má ti ẹnikẹ́ni láti bèèrè. Wọ́n ti san án nítorí ọjọ́ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ yára ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Òfin fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti jẹ́ kí ibi iṣẹ́ mọ̀ pé òun fara pa. Ẹ lè sọ fún máníjà, sùpáfáísọ̀, tàbí ẹni tó ń bójú tó ìtọ́jú pàjáwìrì níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ kò ju orúkọ yín, àsìkò àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti bó ṣe ṣẹlẹ̀, ní èdè tí gbogbo èèyàn ń sọ. Agbanisíṣẹ́ ní tirẹ̀ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ẹ̀yin fúnra yín ló máa fọwọ́ sí ìwé tí ẹ fi ń bèèrè owó, ọdún 1 sì ni òfin fi sílẹ̀ fún ìyẹn láti ọjọ́ tí ẹ fara pa.

Gbogbo àwa tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn la rí i tí mo ṣubú. Síbẹ̀, ọkọ mi kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó sì ní kí àǹtí tó ń kọ ìwé owó oṣù wa fọwọ́ sí ẹ̀dà náà, kí ó kọ ọjọ́ sí i. Àǹtí yẹn kọ́kọ́ lọ́ra. Ó ní, "Ìyá Ìbejì ò ní bá wa débẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é." Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì. Ọkọ mi dá a lóhùn pé sùúrù náà la fi ń kọ ọ́. Ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí yẹn ló ṣe mí láǹfààní jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ṣe.

Ìdí ni pé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọ̀gá wá kí mi nílé. Ó mú owó wá, ó mú ìwé kan dání pẹ̀lú. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ọmọ ilé ni yín. Ẹ gba èyí, ẹ fọwọ́ síbí pé ọ̀rọ̀ ti parí, ká má bá ìjọba fa wàhálà." Mo mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn burúkú, ó bẹ̀rù pé wọ́n á wá yẹ ìwé rẹ̀ wò. Àmọ́ owó tó mú wá kò tó owó x-ray àti POP, ìyẹn ohun funfun líle tí wọ́n fi ń di ibi tí eegun ti kán, ká má tíì sọ ti àwọn oṣù tó kù. Mo kí i dáadáa, mi ò sì fọwọ́ sí nǹkan kan. Òfin náà sọ ọ́ gbangba pé òṣìṣẹ́ kò lè bá agbanisíṣẹ́ ṣe àdéhùn láti yááfì ẹ̀tọ́ yìí. Àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá, ẹ rántí èyí kí ẹ tó mú bírò.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú náà gba ọgbọ́n. Ìyá ọkọ mi fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ọwọ́ wọn la gbé bàbá ọkọ rẹ lọ, ó sì rìn." Mi ò bá wọn jiyàn, torí èmi náà mọ ẹni tí wọ́n tò tí eegun rẹ̀ jinná. Ṣùgbọ́n àjọ yìí fẹ́ ìwé dókítà àti rìsíìtì, àwọn tó ń to eegun kì í sì í fúnni ní rìsíìtì. Ilé ìwòsàn aládàáni kan la lọ. Wọ́n tọ́jú mi dáadáa, àmọ́ ìròyìn tí dókítà yẹ kó kọ nípa ẹsẹ̀ mi ló dá gbogbo nǹkan dúró. Lónìí dókítà ò sí, lọ́la ẹni tó ń tẹ̀wé ò wá. Ọkọ mi paara ibẹ̀ títí ó fi sú u. Ẹ̀yin ẹ bèèrè ìròyìn yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi POP sí i, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n á tú u.

Ní ẹ̀ka NSITF, wọ́n gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Obìnrin kan jókòó tì wá, ó fi ibi tó yẹ ká kọ nǹkan sí hàn wá, ó sì wo àwọn rìsíìtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ìtọ́jú, oògùn àti ọ̀pá tí mo fi ń rìn, gbogbo rẹ̀ wà lára ohun tí òfin ní kí wọ́n bójú tó. Owó iṣẹ́ tí èèyàn pàdánù sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ tó fara pa. Inú báǹkì ni tèmi wọlé sí. Ọjọ́ náà la san owó iléèwé àwọn ìbejì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìràwọ̀ tí mo yọ. Owó oṣù tí agbanisíṣẹ́ kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò. Ọ̀gá wa kọ ìdajì ohun tó ń fún mi sínú ìwé, ó sì ń fi ìyókù lé wa lọ́wọ́. Nígbà tí ara le, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí i bí ìṣòro. Nígbà tí ẹsẹ̀ kán, ìdajì yẹn ni mo bá lójú ìwé. Ó dùn mí gidi. Òfin tó fi ohun tí wọ́n máa fi ṣírò owó òṣìṣẹ́ sí ọwọ́ ẹni tó ń wá bí owó tí yóò san ṣe máa dín kù, ó yẹ kí ó ní kí òṣìṣẹ́ náà rí ìwé yẹn lọ́dọọdún. Ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ owó oṣù yín iye tó wà níwájú orúkọ yín.

Àwọn nǹkan mìíràn tí mo kọ́: ẹni tí jàǹbá ṣe lọ́nà ibi iṣẹ́ sí ilé wà lábẹ́ òfin yìí. Tí ọ̀kadà bá gbé yín ṣubú ní Ọláìyá bí ẹ ṣe ń lọ síṣẹ́ láàárọ̀, ẹ̀tọ́ yín ni. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá bàjẹ́ tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé, 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n máa san fún un. Tó bá jẹ́ àìsàn lásán ló dá yín dúró, tí kò ti ibi iṣẹ́ wá, òfin iṣẹ́ fún yín ní owó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún kan, bí dókítà bá ti kọ ìwé sí i.

Mo ti padà síbi iṣẹ́, ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá wé búrẹ́dì ni wọ́n fi mí sí báyìí. Àwọn obìnrin tó ń wá ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ wa láti lọ kiri rẹ̀ ní Old Garage máa ń bi mí bóyá àwọn náà lè gba irú owó yìí. Kò sí agbanisíṣẹ́ lórí wọn, nítorí náà òfin yìí kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àárín títì ni wọ́n wà láti òwúrọ̀ dalẹ́, ewu tiwọn sì ju tiwa tó wà nínú ilé lọ. Mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin fi wọ́n kún un, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn náà lè máa san 700 náírà yẹn fúnra wọn. Mo mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn tó máa san án.