Àgbéyẹ̀wò ReShade: ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù fún depth

ReShade, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún àwòrán géèmù ṣe, dára. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹni tí kò ráyè ka ọ̀rọ̀ gígùn lè máa bá tiẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ní géèmù àtijọ́ kan lórí kọ̀ǹpútà tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, tí ilé, igi àti èèyàn inú rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ReShade lè tún ojú rẹ̀ ṣe láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ń yìn ín kì í sọ ibi tí wàhálà rẹ̀ wà. Fífi í sórí kọ̀ǹpútà kò le rárá. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá fi sí i tán ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù tọ́kùnbọ̀ ni mo fi ń ṣe tèmi, RAM 8GB, ojú rẹ̀ jẹ́ 1366x768, ó ní káàdì NVIDIA kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Intel. Ti àbúrò mi, Intel nìkan ló wà nínú rẹ̀. Géèmù tí mo fi dán an wò ni GTA San Andreas tó jáde sórí kọ̀ǹpútà lọ́dún 2005, GTA V tó jáde sórí kọ̀ǹpútà lọ́dún 2015, àti Euro Truck Simulator 2 tí mo fẹ́ràn jù. Ní àdúgbò wa ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, iná máa ń dé, ó sì máa ń lọ. Torí náà, ẹ má fi bátìrì nìkan dá ReShade lẹ́jọ́: ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ló máa ń dín agbára káàdì rẹ̀ kù tí kò bá sí iná lára rẹ̀. Ẹ dúró kí iná dé, tàbí kí jẹnẹrétọ̀ wà ní títàn, kí ẹ tó sọ pé ó ń falẹ̀.

Ẹni tó ṣe ReShade ni Patrick Mours, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí crosire. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Géèmù ló ń ya àwòrán, káàdì gíráfíìkì ló ń parí rẹ̀. Kí àwòrán yẹn tó dé ojú kọ̀ǹpútà ni ReShade máa ń dá a dúró lójú ọ̀nà, á tún un ṣe, á wá jẹ́ kó kọjá. Ìdí nìyí tí kò fi ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹni tó ṣe géèmù náà, tó sì fi ń bá DirectX 9, 10, 11, 12, OpenGL àti Vulkan ṣiṣẹ́. Ìdí yìí kan náà ni kò fi lè ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà nìkan ló mọ̀. Kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri, kò sì lè dá ojú èèyàn tí wọ́n yà burúkú láti ọdún 2005 padà sí ojú èèyàn gidi. Kódà máàpù àti ọ̀rọ̀ tó wà lójú géèmù, ó máa ń kun àwọn náà mọ́ ọn.

Ẹ lọ sí reshade.me, ẹ gba fáìlì náà sílẹ̀. Kò tóbi, kò ní jẹ data yín. Tí ẹ bá ṣí i, á ní kí ẹ mú géèmù, lẹ́yìn náà á béèrè irú ọ̀nà tí géèmù náà ń gbà yàwòrán, DirectX tàbí OpenGL tàbí Vulkan, á wá béèrè àwọn àpò effect, ìyẹn àwọn àtúnṣe àwòrán, tí ẹ fẹ́. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí gbogbo àpò náà nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo effect tí ẹ bá gbà ni ReShade yóò máa gbìyànjú láti kó jọ tí ẹ bá ṣí géèmù, lórí láptọ́ọ̀pù bíi ti àbúrò mi, ẹ lè lọ ra mọ́ínmọ́ín kí ẹ sì padà dé bá a níbẹ̀. Àpò ìpìlẹ̀ àti ti SweetFX tó láti fi bẹ̀rẹ̀! Tí ẹ bá nílò òmíràn lọ́jọ́ iwájú, ẹ tún fáìlì yẹn ṣí, ẹ fi kún un.

Òmíràn tó máa ń dà wọ́n láàmú ni fáìlì géèmù tí wọ́n mú. Fún GTA V, GTA5.exe ni kí ẹ mú, kì í ṣe PlayGTAV.exe tó kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un. Fún Euro Truck, inú fódà bin, lẹ́yìn náà win_x64, ni eurotrucks2.exe gan-an wà.

Tí géèmù bá ti ṣí, bọ́tìnì Home ni ẹ máa tẹ̀ kí ojú ètò ReShade, tí wọ́n ń pè ní overlay, lè jáde. Àbúrò mi pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan:

"Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo tẹ Home títí, kò jáde o."

"Ṣé o rí àkọlé ReShade kankan lókè nígbà tí géèmù ń ṣí?"

"Rárá, sà. Géèmù kàn ṣí bó ṣe máa ń ṣí ni."

"Lọ wo inú fódà géèmù yẹn. Ṣé ReShade.log wà níbẹ̀?"

"Mi ò rí i."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Tí ReShade.log kò bá sí, a jẹ́ pé ReShade kò wọlé rárá, ẹ má wulẹ̀ máa tẹ Home. Yálà ẹ mú fódà tí kì í ṣe òun, tàbí ẹ mú DirectX tí géèmù kò lò. Fún DirectX 9, fáìlì d3d9.dll ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géèmù. Fún 10 dé 12, dxgi.dll ni, fún OpenGL, opengl32.dll. Àbúrò mi mú DirectX 9 fún Euro Truck. Ó yí i padà sí 10/11/12, ó sì jáde. Ẹ kíyè sí i pé Euro Truck fúnra rẹ̀ lè ṣí pẹ̀lú OpenGL, tí ẹ bá sì ṣí i báyẹn, dxgi.dll yín kò ní já mọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Tí àkọlé bá jáde lókè ṣùgbọ́n tí Home kò ṣiṣẹ́, ẹ wo kíbọ́ọ̀dù yín. Lórí láptọ́ọ̀pù púpọ̀, Home wà lára kọ́kọ́rọ́ mìíràn, ẹ ní láti di Fn mú. Èmi ò fẹ́ràn ìyẹn. Mo fi Notepad ṣí ReShade.ini, mo wá ìlà KeyOverlay=36,0,0,0, mo sì yí 36 sí 113. 36 ni Home, 113 ni F2. Ó tán.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ depth, ìyẹn bí nǹkan inú géèmù ṣe jìnnà sí wa tó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń jù ú sílẹ̀. Àwọn effect tó ń tún àwọ̀ ṣe, bíi Vibrance, tàbí tó ń mú kí àwòrán ṣe kedere, bíi LumaSharpen, kò nílò ju àwòrán lọ. Ṣùgbọ́n MXAO, tó wà nínú àpò qUINT tí ẹ ní láti fi kún un, tó sì máa ń fi òjìji sí kọ̀rọ̀ ilé, sí abẹ́ mọ́tò àti sí ìdí igi, gbọ́dọ̀ mọ ohun tó sún mọ́ wa àti ohun tó jìnnà. Irú òjìji yìí ni Crytek fi gbajúmọ̀ nínú Crysis lọ́dún 2007, òun gan-an ló sì ń mú kí nǹkan kúrò ní pẹlẹbẹ. Inú depth buffer, ibi tí géèmù ń kọ ìjìnnà gbogbo nǹkan sí, ni MXAO ti ń mọ̀ ọ́n. Tí ReShade kò bá rí i, tàbí tó kà á sódì, ẹ lè tan MXAO látàárọ̀ dalẹ́, kò sí ohun tó máa yí padà. Tó bá burú, òjìji á máa hàn lójú sánmà.

Ẹ tan effect tó ń jẹ́ DisplayDepth kí ẹ tó tan nǹkan mìíràn. Á pín ojú kọ̀ǹpútà sí méjì. Ẹ wo apá ọ̀tún: ohun tó sún mọ́ yín gbọ́dọ̀ dúdú, ohun tó jìnnà gbọ́dọ̀ máa funfun lọ. Tó bá jẹ́ òdìkejì ni, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń jẹ́ "Edit global preprocessor definitions", ẹ wá RESHADE_DEPTH_INPUT_IS_REVERSED, ẹ yí iye rẹ̀: tó bá jẹ́ 1, ẹ sọ ọ́ di 0, tó bá jẹ́ 0, ẹ sọ ọ́ di 1. Tí orí bá wà nísàlẹ̀, tí ẹsẹ̀ wà lókè, UPSIDE_DOWN ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Tó bá funfun báláú tàbí tó dúdú pátá, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ètò inú géèmù, ẹ pa MSAA, ìyẹn ohun tó ń mú kí etí nǹkan dán. Èyí gan-an ló ṣe GTA V mi. MSAA wà ní títàn, kò sí ohun tí mo fi sí DisplayDepth tó hàn. Bí mo ṣe pa á, òpópónà Los Santos nà lọ síwájú mi, láti dúdú dé funfun. Ẹ má bẹ̀rù pé etí nǹkan á máa rí ṣàkàṣàkà. SMAA tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn wà nínú ReShade, ó sì ń ṣe dáadáa tó fún ojú 1366x768.

Tí ìyẹn náà kò bá ràn án, ẹ lọ sí ojú ewé Add-ons, ìyẹn àwọn àfikún ReShade, ẹ wo Generic Depth. Oríṣiríṣi buffer ló máa tò síbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n wọn. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ojú kọ̀ǹpútà yín mu ni kí ẹ yàn. Tí ó bá ń hàn tó tún ń parẹ́, ẹ tan "Copy depth buffer before clear operations". Àwọn fídíò ìkọ́ni tí mo wò kì í débí. Orin ni wọ́n ń gbé sí i, tí wọ́n á máa fi àwòrán ṣáájú àti lẹ́yìn hàn wá.

Ó kù ọ̀rọ̀ iyára. Tí ẹ bá fẹ́ 60 fps, ìyẹn àwòrán ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kan ní nǹkan bí 16.7 milisẹ́kọ́ńdì láti parí. Fún 30 fps, ó ní 33.3. ReShade ní ojú ewé Statistics tó máa ń fi iye àkókò tí effect kọ̀ọ̀kan ń jẹ hàn. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé Vibrance kò jẹ nǹkan kan, SMAA ń jẹ díẹ̀, MXAO sì ni alájẹkì. Lórí láptọ́ọ̀pù àbúrò mi, MXAO kò ṣeé lò nínú GTA V. A pa á, a fi Vibrance àti CAS ti AMD tó jáde lọ́dún 2019, tó ń mú kí àwòrán ṣe kedere, sílẹ̀ fún un, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Tí ẹ bá ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe tán, ẹ tan Performance Mode nísàlẹ̀ overlay. Iyára máa ń gòkè díẹ̀ torí iye gbogbo nǹkan ti di èyí tí kò ṣeé yí mọ́.

Nípa preset àwọn ẹlòmíràn, ìyẹn àtúnṣe tí wọ́n ti tò pọ̀ sínú fáìlì kan, mo ní ẹjọ́ láti rò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pọ̀jù. Koríko á máa tàn yòò, ojú ọ̀run á di búlúù tí Ọlọ́run kò dá. Àwa tá a dàgbà ní Òṣogbo ìlú aró mọ̀ pé bí aṣọ bá pẹ́ jù nínú ìkòkò aró, ọnà ara rẹ̀ ni yóò bò mọ́lẹ̀. Vibrance ní ìwọ̀n kékeré, ìmọ́lẹ̀ tí kò pá ojú, ó tó. Preset ẹlòmíràn kì í sì í mọ bí depth yín ṣe rí, ohun tó dára lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lè bàjẹ́ lórí tiyín.

Fún San Andreas, ọ̀pọ̀ ti fi ENBSeries, ètò mìíràn tó ń tún àwòrán géèmù ṣe, sí i tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń jà lórí orúkọ d3d9.dll kan ṣoṣo. Ẹ yí orúkọ ti ReShade padà, ẹ kọ orúkọ tuntun yẹn síwájú ProxyLibrary nínú enbseries.ini, ẹ sì sọ EnableProxyLibrary di true. Wọ́n á jọ ṣiṣẹ́. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Ọláìyá gba owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àbúrò mi láti ṣe èyí, fáìlì zip tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá ló sì tú sínú géèmù náà. Ẹ má gbà á. Fáìlì dll jẹ́ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà yín. Ibi tí ẹni tó ṣe é gbé e sí ni kí ẹ ti gbà á.

Ẹ̀yin tó ń gbá géèmù pẹ̀lú èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣọ́ra. Oríṣi ReShade méjì ni wọ́n ń pín. Èyí tí wọ́n máa ń gbà jù máa ń pa depth tó bá rí i pé géèmù ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi í rí ẹni tó sá pamọ́. Èkejì, tó ní add-on kíkún, géèmù tí ẹ ń dá gbá nìkan ló wà fún. Tí ẹ bá gbé e wọ géèmù tó ní anti-cheat, ìyẹn ètò tó ń mú àwọn oníyànjẹ, wọ́n lè ti àkáǹtì yín pa, kò sì sẹ́ni tí ẹ máa fi sùn.

Tí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́, fáìlì tí ẹ fi gbé e wọlé náà ni kí ẹ ṣí, ẹ mú géèmù yẹn, ẹ yan Uninstall. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ tó gbé láptọ́ọ̀pù lọ fún ẹni tó máa fi Windows tuntun sí i, ẹ da ReShadePreset.ini kọ sórí flash. Àtúnṣe effect yín wà nínú rẹ̀, kò sì wúwo rárá.